Onífọ́tò Èkó: Láti Èbúté dé Festac àti Satellite Town

Orí omi ni iṣẹ́ fọ́tò gbà wọ Èkó. Ní ọdún 1839 ni wọ́n kéde fún gbogbo ayé nílùú Paris ọ̀nà tí Louis Daguerre fi ń mú àwòrán jáde lára páànù bàbà tí a fi fàdákà bò. Kò pẹ́ lọ títí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ fi gba iṣẹ́ náà mọ́ra ní gbogbo etíkun, láti Freetown títí dé Accra àti Èkó. Àwọn onífọ́tò ìgbà yẹn kì í dúró sójú kan. Wọ́n á gbé àpótí káàmẹ́rà wọn wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ ní èbúté kan, wọ́n á háyà yàrá tàbí kí wọ́n ta aṣọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tó gbà wọ́n lálejò. Wọ́n á ya àwọn oníṣòwò, àlùfáà àti olóyè ìlú títí oníbàárà á fi tán, wọ́n á sì bá ọkọ̀ mìíràn lọ. J. P. Decker, tó ń ti Gambia wá, wà lára wọn láti nǹkan bí ọdún 1869. Ìdílé Lutterodt, tí ìpìlẹ̀ wọn wà ní Accra, tàn ká etíkun yìí títí dé erékùṣù Fernando Po, inú ẹbí ni wọ́n sì ti ń kọ́ ara wọn níṣẹ́.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fìdí sítúdíò kalẹ̀ ní Èkó ni Neils Walwin Holm. Accra ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1866, àmọ́ ní nǹkan bí ọdún 1886 ó ti ń gba oníbàárà ní Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ dára débi pé wọ́n gbà á wọ ẹgbẹ́ Royal Photographic Society ní London. Nígbẹ̀yìn, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní England, ó sì di lọ́yà.

George da Costa ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Èkó. Ọdún 1853 ni wọ́n bí i. Láti ọdún 1877 títí di ọdún 1895, ilé ìtàwé ìjọ CMS ló ń bójú tó. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kí ó tó fi ìwé títà sílẹ̀, kí ó tó sọ fọ́tò di iṣẹ́ òòjọ́. Ìjọba gbé iṣẹ́ fún un láti ya bí wọ́n ṣe ń la ojú irin kọjá ní Òkè Ọya, orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ sì wà nínú Red Book of West Africa tí Allister Macmillan ṣe jáde ní ọdún 1920. Ní Bonny, ní ìlà oòrùn, Jonathan Adagogo Green ya àwọn ọba, ìjòyè àti ìdílé wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ṣì ń hàn lára àwòrán náà di òní. Ọdún 1905 ló kú, kò sì tíì ju ẹni ọdún 32 lọ.

Ọ̀nà tí àwọn bíi da Costa gbà wọ iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ onífọ́tò ṣì ń gbà wọ̀ ọ́ títí di ìsinsìnyí. Ẹni tó ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ni fọ́tò máa ń wọ̀ lójú. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé láti ìparí àwọn ọdún 1870, ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń ta gíláàsì tí wọ́n ti fi òògùn bò, tó gbẹ, tó sì ṣeé kó sínú páálí fún oṣù púpọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, onífọ́tò ní láti po òògùn fúnra rẹ̀, kí ó ya àwòrán kí gíláàsì tó gbẹ, kí ó sì fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nínú ooru Èkó. Gíláàsì gbígbẹ gba wàhálà yẹn kúrò. Ìwé ìlànà tó ń bá páálí wọ̀nyẹn wá sì di olùkọ́ fún ẹni tó bá mọ ìwé kà. Nígbà tí Kodak gbé káàmẹ́rà Brownie jáde ní ọdún 1900 ní dọ́là kan péré, àpótí kékeré tí ọmọdé lè gbé ni iṣẹ́ náà wá dà.

Ìwé ìlànà lè kọ́ni bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì àti bí a ṣe ń fọ fíìmù. Bí ènìyàn ṣe yẹ kó rí nínú fọ́tò kò sí nínú rẹ̀. Oníbàárà ló kọ́ àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ní ìyẹn, ẹ̀kọ́ náà sì le.

Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, lọ ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, ó sì tẹ ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Ó rí i pé ìlú náà ní àwọn onífọ́tò tirẹ̀, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ní òfin, àti pé fọ́tò àgbà ní ìlànà tí gbogbo wọn mọ̀. Àgbà á jókòó gbagidi, á kọjú sí káàmẹ́rà tààrà, á gbé ọwọ́ lé itan tàbí orókún, á ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí agbádá tàbí ìró lè tẹ́ rẹrẹ. Gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ hàn, láti orí fìlà tàbí gèlè dé bàtà. Bí ó bá jẹ́ olóyè, ìlẹ̀kẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ tàbí ọ̀pá oyè gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú á ti rí i. Ojú á dúró jẹ́ẹ́, kò ní sí ẹ̀rín. Ẹni tó bá ti rí ère tí àwọn agbẹ́gilére ìgbà àtijọ́ gbẹ́ yóò mọ ìjókòó yìí: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀, ìfarabalẹ̀ rẹ̀, bí iwájú orí ṣe ń dán. Inú àṣà tó ti wà nílẹ̀ ni àwọn onífọ́tò bọ́ sí, oníbàárà tó bá sì rí i pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òun sọnù nínú fọ́tò kò ní fara mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀dọ́ ní ìlànà tiwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè dúró, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ti tábìlì, kí ó gbé rédíò dání tàbí kí ó wọ awò dúdú. Ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni yóò wà níbẹ̀: àtẹ̀gùn ilé ńlá, ọgbà òdòdó, nígbà mìíràn ọkọ̀ òfuurufú. Owó tó wà lọ́wọ́ kò ká àwọn nǹkan wọ̀nyí, fọ́tò sì gba ọ̀dọ́ láyè láti fi ìrètí rẹ̀ hàn gbangba láìtijú.

Ibi tí ẹ̀kọ́ oníbàárà yìí ti jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ìbejì. Kò sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bí ìbejì tó ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ìyá ìbejì tó fẹ́ kí ọ̀kan dá wà. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, òbí á gbé èyí tó kù lọ bá onífọ́tò. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á kọ́kọ́ wọ ọmọ náà ní aṣọ tirẹ̀, wọ́n á ya á, lẹ́yìn náà wọ́n á wọ̀ ọ́ ní aṣọ ìkejì rẹ̀, wọ́n á tún un yà. Nínú yàrá òkùnkùn, onífọ́tò á bo ìdajì ìwé nígbà tó bá ń tẹ ìdajì kejì, á sì ṣọ́ra gidi kí ojú ìlà tó pín wọn má baà hàn. Ìbẹ́ta náà ní irú tirẹ̀. Ìdílé á gbé fọ́tò yìí kọ́, àwọn mìíràn á sì lò ó níbi tí wọ́n ti ń lo ère ìbejì tẹ́lẹ̀. Kò sí ìwé ìlànà òkè òkun kan tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí. Àwọn onífọ́tò inú àwọn ìlú yìí ló dá a sílẹ̀ nítorí pé àwọn ìyá bèèrè fún un, ó sì yẹ kí orúkọ iṣẹ́ wọn wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà tó dára jù tí fọ́tò tíì bí níbikíbi.

Àwọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Fíìmù àti ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò wá sáyé nítorí aláwọ̀ dúdú. Láti àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fi káàdì tí àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Àwọn ọdún 1990 ni káàdì tó kó onírúurú àwọ̀ pọ̀ tó jáde. Ní Èkó, ọjọ́ Sátidé ni ìṣòro náà máa ń dé ní kíkún: ọkùnrin dúdú nínú léèsì funfun gbòò, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Bí onífọ́tò bá gbọ́ ti léèsì, ojú á di èédú. Bí ó bá gbọ́ ti ojú, ọnà ara léèsì á ṣá. Àwọn tó kọ́ ara wọn níṣẹ́ fi fíìmù tó bàjẹ́ sanwó ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n kọ́ láti mú oníbàárà wọ ìbòòji igi tàbí abẹ́ òrùlé, láti wọn ìmọ́lẹ̀ ojú lákọ̀ọ́kọ́, àti láti yí ojú sí ibi tí ògiri funfun á ti da ìmọ́lẹ̀ padà sí i lára. Ẹni tó bá mọ èyí ló ní oníbàárà.

Ìtàn J. D. 'Okhai Ojeikere ni ó fi ìrìn ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ hàn jù lọ. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní agbègbè Emai, níbi tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Edo báyìí. Ní ọdún 1950 ó ra Brownie D kan tí kò ní iná fíláàṣì, aládùúgbò kan sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ tó ní nìyẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn pé kí wọ́n fún òun níṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn. Ó kọ ọ́ títí, kò jẹ́ kó sú òun, títí wọ́n fi gbà á ní ọdún 1954. Inú yàrá òkùnkùn yẹn ló ti ń fọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa àti ohun tí wọ́n ṣì ṣe. Ní ọdún 1961 ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1963 ó sì wá sí Èkó, sí ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà West Africa Publicity. Ọdún 1975 ló tó dá sítúdíò tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ló wà láàárín Brownie yẹn àti orúkọ tirẹ̀ lójú pátákó.

Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun dídì. Ó ń tọ̀ wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó, ọjà, ọ́fíìsì àti títì, ó ń ya onílé gogoro, ṣùkú àti àwọn mìíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn orí, pẹ̀lú aṣọ ẹ̀yìn tí kò ní ohunkóhun. Ó ya tó 1,000. Àwọn àwòrán yìí lọ sí ibi àfihàn káàkiri ayé, wọ́n sì wà ní Venice Biennale ti ọdún 2013. Oṣù kejì ọdún 2014 ló kú. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ náà ni Seydou Keïta rìn ní Bamako: káfíńtà ni, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ ló fún un ní Brownie kan ní ọdún 1935, ó sì ṣí sítúdíò ní ọdún 1948. Ní Benin City, Solomon Osagie Alonge, tó ti ń ya fọ́tò fún Ọba láti ìgbà ọ̀dọ́, ṣí Ideal Photo Studio ní ọdún 1942. Sunmi Smart-Cole, tí a bí ní Port Harcourt ní ọdún 1941, ti gé irun fún àwọn ènìyàn, ó ti yàwòrán ilé, ó ti lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin, kí ó tó fúnra rẹ̀ kọ́ fọ́tò tó sì di olóòtú fọ́tò ìwé ìròyìn The Guardian ní Èkó. Ó ṣòro láti gbàgbọ́ pé iṣẹ́ gẹ́rígẹ́rí kò ràn án lọ́wọ́: ẹni tó bá ti di orí mú lójoojúmọ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwọn tí kò kọ́ ara wọn lọ́nà báyìí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n lọ. Òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ọmọṣẹ́ á máa gbá sítúdíò, á máa gbé ẹsẹ̀ káàmẹ́rà, á máa da omi òògùn nù, títí tí wọ́n á fi gbà á láyè láti fọ fíìmù, lẹ́yìn náà láti yà. Ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù ni àdúrà, oúnjẹ àti fọ́tò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń parí ìrìn náà. Ọ̀nà yìí ló mú kí àwọn onífọ́tò Yorùbá tàn ká Ìwọ̀ Oòrùn Adúláwọ̀. Erika Nimis, òpìtàn ará Faransé, ti tọ ipasẹ̀ wọn dé Togo, Benin, Niger, Burkina Faso àti Côte d'Ivoire, níbi tí ọ̀gá ti ń ránṣẹ́ sílé fún ìbátan rẹ̀, tí ìbátan náà á gba òmìnira, tí òun náà á sì ṣí sítúdíò sí ìlú tó kàn. 

Ọdún 1977 ni ìtàn yìí dé ibi tí Festac Town wà. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n ṣe àjọ̀dún àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń pè ní FESTAC, ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ sì kọ́ abúlé ńlá kan sí etí títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry láti fi gba àwọn àlejò. Nǹkan bí 17,000 ènìyàn ló wá kópa. Marilyn Nance, ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 láti Brooklyn, wà lára wọn pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó ya nǹkan bí 1,500 àwòrán: ìwọ́de nínú pápá ìṣeré, àmọ́ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń sinmi, tó ń jẹun, tó ń bára wọn ṣeré nínú abúlé náà. Ọdún 2022 ni wọ́n tó kó wọn jọ sínú ìwé Last Day in Lagos. Ìwé yẹn ni fọ́tò ènìyàn tó dára jù tí a ní nípa bí Festac ṣe rí ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ó tó di ilé ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn àjọ̀dún, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sì pín ilé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti aráàlú lábẹ́ Federal Housing Authority. Satellite Town wà ní ìwọ̀ oòrùn Festac lẹ́bàá títì kan náà, Alákijà ni ibùdókọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ibẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin ló sì ni ìlú méjèèjì. Ọjà àgbáyé Trade Fair, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977 kan náà, àti ọjà Alaba ní Òjó, fa àwọn oníṣòwò sí agbègbè yìí, àwọn Igbo ní pàtàkì. Wọ́n bá àwọn Yorùbá, Edo, Àwórì onílẹ̀ àti àwọn Ègùn Badagry gbé pọ̀.

Fún onífọ́tò, irú àdúgbò báyìí yàtọ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Ìlá. Kò sí ilé baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀, kò sí ògiri pálọ̀ tí fọ́tò àgbà ti kún tẹ́lẹ̀. Ìdílé ọ̀dọ́ nínú fúláàtì tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀ àlíbọ́ọ̀mù láti ojú ewé kìíní. Ìsọmọlórúkọ, ìrìbọmi, ọjọ́ ìbí ọdún kan, ìparí ilé ìwé jẹ́léósinmi pẹ̀lú fìlà páálí: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní láti yà. Onífọ́tò tó jẹ́ Yorùbá ní láti mọ ìgbà tí ìyàwó Igbo á gbé ife ẹmu wá ọkọ rẹ̀ láàárín èrò, kí ó sì ti dúró síbi tó yẹ, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ṣe é. Onífọ́tò tó jẹ́ Igbo náà ní láti mọ ìgbà tí àwọn ẹbí ọkọ á dọ̀bálẹ̀ àti ìgbà tí alága ìjókòó á ní kí ìyàwó dé ọkọ rẹ̀ ní fìlà. Ìlànà ìjókòó àgbà kò yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ oníbàárà ti di púpọ̀ ju ti ìlú kan ṣoṣo lọ.

Ìgbà yẹn náà ni fọ́tò aláwọ̀ mèremère gba ọjà. Yàrá òkùnkùn kékeré kò wúlò mọ́ fún un. Ẹ̀rọ ńlá ilé ìfọfọ́tò ló ń fọ̀ ọ́ láàárín wákàtí kan. Èyí bí iṣẹ́ tuntun kan. Lọ́jọ́ òde, onífọ́tò á ya àwọn àlejò nínú aṣọ ẹbí láìgba àṣẹ, á gun ọ̀kadà sáré lọ sí ilé ìfọfọ́tò, á sì padà kí wọ́n tó kó àga. Á wá máa wá ojú kọ̀ọ̀kan láàárín èrò, á na fọ́tò sí onítọ̀hún níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dúnàádúrà. Eléyìí tí oníbàárà bá kọ̀, àdánù onífọ́tò ni. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi mú tó bẹ́ẹ̀: wọ́n ní láti mọ ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀, ẹni tó lówó lápò, àti ẹni tó máa tijú láti sọ pé òun kò rà. Lẹ́yìn ọdún 1986, nígbà tí ìjọba já náírà sílẹ̀ lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, owó fíìmù àti ìwé fọ́tò gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí fíìmù 36 fi di ohun tí wọ́n ń ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káàmẹ́rà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn gbé.

Ohun tó máa ń fún onífọ́tò àdúgbò lóúnjẹ láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà náà ni fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Fọ́ọ̀mù ìdánwò, fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́, ìwé báńkì, gbogbo wọn ló ń bèèrè rẹ̀. Káàmẹ́rà Polaroid olójú mẹ́rin máa ń mú ojú mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìwé kan, aráàlú sì sọ ọ́ ní wait-and-take. Nǹkan mẹ́ta ló gba oúnjẹ yìí lẹ́nu wọn. Polaroid fòpin sí ṣíṣe fíìmù náà ní ọdún 2008. Pásípọ́ọ̀tù ìrìnàjò onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò ọdún 2011 sì lo ẹ̀rọ tó ń ya ojú àti ìka ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, fóònù alágbèéká GSM tó wọlé ní ọdún 2001 di káàmẹ́rà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń ya òde yí padà kíákíá ju àwọn tó ní sítúdíò lọ: wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, wọ́n so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìnáwó, wọ́n kò sì nílò ọ̀kadà mọ́.

Láàárín ìyípadà yìí ni ìran mìíràn àwọn tó kọ́ ara wọn níṣẹ́ jáde. Kelechi Amadi-Obi kẹ́kọ̀ọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí lọ́yà, ó lọ kun àwòrán, ó sì bọ́ sí fọ́tò. TY Bello kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrọ̀ ajé. Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ Depth of Field tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, pẹ̀lú Uche James-Iroha, Emeka Okereke, Zaynab Odunsi àti Amaize Ojeikere, ọmọ Ojeikere. Ní ọdún 2010, African Artists' Foundation dá àjọ̀dún LagosPhoto sílẹ̀. Ní ọdún 2016, TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah ní òpópónà Èkó nígbà tí obìnrin oníbúrẹ́dì kan gba ẹ̀yìn kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò gé obìnrin náà sọnù. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó jẹ́, wọ́n wá a kàn, ó sì di ẹni tí wọ́n ń ya fún ìpolówó. Ìdájọ́ tí Bello ṣe níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn onífọ́tò Ìlá: gbogbo ẹni tó bá wà níwájú káàmẹ́rà ló yẹ ní wíwò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní Satellite Town lónìí, ẹni tó ń kọ́ ara rẹ̀ ń wo ẹ̀kọ́ lórí YouTube lóru nígbà tí dátà bá wà. Ó ń ra Canon tàbí Nikon tòkunbọ̀ ní Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ó sì ń háyà lẹ́ǹsì fún ọjọ́ kan bí iṣẹ́ bá dé. Kò ní sítúdíò. Ẹ̀gbẹ́ géètì tí wọ́n fi ọ̀dà bulúù kùn, àtẹ̀gùn ilé tí wọn kò tíì parí, abẹ́ igi àgbọn, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Páálí funfun tàbí aṣọ funfun ló fi ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú. Ó ní láti mọ wákàtí tí ọkọ̀ tańkà epo kò tíì di títì pa. Fọ́tò ṣáájú ìgbéyàwó àti fọ́tò ọjọ́ ìbí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, WhatsApp sì ni oníbàárà fi ń gbà á. Oníbàárà ti ń mú àwòrán tó rí lórí Instagram wá pé irú èyí lòun fẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tó bá a wá á ṣì ní kí wọ́n ya òun ní ìjókòó, kí ẹsẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni ó kù. Nẹ́gátíìfù Alonge bọ́ lọ́wọ́ ìparun nítorí pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé National Museum of African Art ní Washington gbà á, tó sì ṣe àfihàn rẹ̀ ní ọdún 2014. Ti Ojeikere wà nítorí pé òun fúnra rẹ̀ tò ó, tí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ onífọ́tò. Ọ̀pọ̀ sítúdíò àdúgbò kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá kú tàbí tí owó ilé bá gòkè, inú páálí ni fíìmù ń gbé, ọ̀rinrin á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ohun tó kù fún òpìtàn ni èyí tí oníbàárà gbé lọ sílé, nítorí pé ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ ní òǹtẹ̀: orúkọ sítúdíò, àdúgbò, nígbà mìíràn ọjọ́ àti nọ́ńbà nẹ́gátíìfù. Òǹtẹ̀ yẹn ni a fi lè mọ ẹni tó ya ìdílé kan ní Festac ní ọdún 1981 àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Fọ́tò orí fóònù kò ní ẹ̀yìn, WhatsApp sì máa ń yọ ọjọ́ àti àmì káàmẹ́rà kúrò lára fọ́tò bó ṣe ń fi í ránṣẹ́, nítorí náà díẹ̀ lára àwọn onífọ́tò ọ̀dọ́ agbègbè náà ti ń kọ orúkọ wọn sí igun àwòrán, wọ́n sì ń tẹ àlíbọ́ọ̀mù fún oníbàárà tó bá lè san owó rẹ̀.